Àṣìṣe Ẹlòmíràn, Ta Ni Ó Ni Ín?

Ẹ ti mọ lẹ́tà kà báyìí, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti mọ̀ ọ́n kọ. Lónìí mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun kékeré kan tí a máa ń lẹ̀ mọ́ igun àpò lẹ́tà. Òǹtẹ̀ lẹ́tà ni, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní timbre.

Lóde òní tẹlifóònù ti gba iṣẹ́ lẹ́tà ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ní Pobẹ̀ níbí kò lẹ òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọjá ogójì ọdún bíi tèmi yóò rántí. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá wà ní Libreville tàbí ní Abidjan, tí ẹ fẹ́ kí ó gbọ́ pé bàbá ti kú, ẹ ó wá ẹni tí yóò bá yín kọ lẹ́tà. Ẹ ó lọ sí ilé pọ́sìtì, ẹ ó ra òǹtẹ̀, ẹ ó fi itọ́ pa á lẹ́yìn, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò lẹ́tà. Òǹtẹ̀ náà ni ẹ̀rí pé ẹ ti san owó ọ̀nà. Iye owó rẹ̀ wà lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 50 sí i, 50 sefà ni. Kò sí ìdúnàádúrà níbẹ̀. Ìyá aláta lè ní kí ẹ san 200, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ títí kí ó gba 150, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ó dáa. Kí ni ẹ ó wí bí mo bá sọ fún yín pé òǹtẹ̀ kan wà tí wọ́n kọ 24 sẹ́ńtì owó Amẹ́ríkà sí lójú, tí ẹnì kan sì ra ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ní ọjà gbàǹjo ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ní iye tí ó ju 2 000 000 dọ́là lọ? Ní owó tiwa, ó ju bílíọ̀nù kan sefà lọ. Bébà kékeré tí a lè fi àtàǹpàkò méjì bò mọ́lẹ̀! Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì wa, bàbá àgbẹ̀ kan dìde, ó ní, "Olùkọ́, ṣé wúrà ni wọ́n fi ṣe é ni?" Mo ní, "Rárá, bàbá. Àṣìṣe ni wọ́n fi ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí.

Ní ọdún 1918, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfurufú kó lẹ́tà láàárín ìlú Washington, Philadelphia àti New York. Wọ́n ṣe òǹtẹ̀ tuntun fún iṣẹ́ náà. Àwòrán ọkọ̀ òfurufú aláwọ̀ búlúù wà láàárín rẹ̀, etí rẹ̀ yíká sì pupa. Nítorí pé àwọ̀ méjì ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni bébà kọ̀ọ̀kan ní láti gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ẹni tí ó bá ti tẹ àwòrán sára aṣọ rí mọ ewu tí ó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ bá yí lọ́wọ́ wa nígbà kejì, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀. Bébà kan tí ó ní 100 òǹtẹ̀ yí padà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọkọ̀ òfurufú sì dorí kodò nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tí ó rí i. Wọ́n kó o mọ́ àwọn tó kù, ó di pọ́sìtì.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Washington nígbà náà, William Robey ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn kí ó máa kó òǹtẹ̀ jọ, bí àwọn ìyá wa kan ṣe ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, Robey ti kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò tẹ òǹtẹ̀ tuntun yìí, nítorí náà ó yẹ kí àwọn la ojú sílẹ̀, bóyá àwọn á rí èyí tó dorí kodò. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé ó kọsẹ̀ lu oríire. Ó ń wá a ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1918, ó lọ sí pọ́sìtì, ó ní kí akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé ta odidi bébà kan fún òun. Akọ̀wé gbé e kalẹ̀ fún un. Robey sọ lẹ́yìn náà pé ọkàn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Kò sọ nǹkan kan. Ó san 24 dọ́là, ó gba bébà rẹ̀. Ìgbà tí ó ti di tirẹ̀ tán ni ó tó bèèrè bóyá àwọn mìíràn wà. Wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọ́n dára, ìyẹn ni pé wọn kò wúlò fún un.

Kò pẹ́ tí àwọn olùbẹ̀wò pọ́sìtì fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba bébà náà padà. Robey kọ̀ fún wọn. Ó gbé e pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó tà á fún oníṣòwò òǹtẹ̀ kan ní Philadelphia, Eugene Klein, ní 15 000 dọ́là. Klein tún tà á fún olówó ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì Green, ní 20 000 dọ́là. Kí wọ́n tó tú bébà náà, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 100. Ẹ fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Mo fẹ́ fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un. Ní ọjọ́ kejì, tí iṣẹ́ kíkó lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ òfurufú tó gbéra ní Washington ṣì ọ̀nà. Apá ibòmíràn ni ó gbà, ó sì lọ balẹ̀ sínú oko. Àwòrán ọkọ̀ dorí kodò, ọkọ̀ gan-an sì sọnù. Oṣù àṣìṣe ni oṣù náà.

Wàyí o, ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé olè ni Robey?

Nígbà tí mo bi àwọn ènìyàn mi ní kíláàsì, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta epo ní ẹni tí ó bá ta ọjà rẹ̀ láìwò ó, ara rẹ̀ ni kí ó bá wí. Ọ̀kan ní, "Bí mo bá wọn epo fún ènìyàn, tí mo wọ̀n ọ́n ju bó ti yẹ lọ, ta ni yóò gbé e padà fún mi?" Bàbá àgbẹ̀ ọjọ́sí kò gbà. Ó ní, "Bí akọ̀wé náà bá jẹ́ ọmọ tìrẹ ńkọ́? Bí wọ́n bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ bàbá náà wúwo, n kò sì fẹ́ gbójú fò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bí a ṣe ń wo òṣùwọ̀n lọ́jà. Kí ni pọ́sìtì ń tà? Owó ọ̀nà lẹ́tà ni. Òǹtẹ̀ tó dorí kodò lè gbé lẹ́tà lọ bí èyí tó dúró dáadáa. Iye tí wọ́n kọ sí i lójú ni Robey san, kò dín kọ́bọ̀ kan. Ìjọba kò tálákà sí i nítorí rẹ̀. Bí bébà náà bá sì kù sọ́wọ́ ìjọba, kí ni wọn ìbá fi ṣe? Wọn ìbá fà á ya ni. Ní ọwọ́ wọn, iṣẹ́ tó bàjẹ́ ni. Ní ọwọ́ àwọn tó ń kó òǹtẹ̀ jọ, ohun tí kò sí irú rẹ̀ ni. Owó ńlá náà kò sí nínú àpótí pọ́sìtì rárá kí Robey tó jí i. Ojú Robey ni ó rí i, ìfẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó sì sọ ọ́ di owó. Nítorí náà èmi kò pè é ní olè. Bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé bá gún yín lára díẹ̀, ó gún èmi náà.

Ẹ wá gbọ́ nípa olè gidi.

Obìnrin kan, Ethel McCoy, ra mẹ́rin nínú àwọn òǹtẹ̀ náà, wọ́n ṣì so pọ̀. Ní ọdún 1955, ó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbi ìpàdé àwọn akójọ-òǹtẹ̀ ní ìlú Norfolk, kí àwọn ènìyàn lè fi ojú wọn rí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jí i. Ẹni tó jí i tú u sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Méjì tún jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1979, màmá náà fi ẹ̀tọ́ tí ó ní lórí gbogbo wọn, èyí tó ti jáde àti èyí tí kò tíì jáde, ta ilé ìkàwé àwọn akójọ-òǹtẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́rẹ. Ọdún kejì ni ó kú.

Ní ọdún 2016, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ireland mú òǹtẹ̀ kan wá sí ilé gbàǹjo ní New York, kí wọ́n bá òun tà á. Ó ní ogún bàbá àgbà òun ni. Àwọn tó mọ òǹtẹ̀ dunjú gbé e wò, wọ́n yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà 76 ni. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jí ni. Ọdún 61 ti kọjá! Kò sí ẹni tó sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jalè. Wọn kò tíì bí i nígbà tí wọ́n jí i. Síbẹ̀ kò ní ohun tí yóò tà. Ó fà á lé wọn lọ́wọ́, oníṣòwò òǹtẹ̀ kan tó ti ṣe ìlérí ẹ̀bùn sì fún un ní 50 000 dọ́là.

Ẹ̀yin ará Sakété àti Pobẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ oko ọ̀pẹ tí bàbá àgbà gbà ní ìdúró owó. Bàbá àgbà kú, bàbá kọ ọ̀pẹ ibẹ̀ títí, ọmọ bí ọmọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni ẹnì kan dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó ní òun wá san gbèsè, kí wọ́n dá oko padà. Ẹni tó wà lórí oko kò purọ́, kò jalè, ó sì gbà tọkàntọkàn pé tòun ni. Kí a jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò ṣẹ̀ dùn wá, ṣùgbọ́n pípẹ́ lọ́wọ́ ẹni kò sọ nǹkan di tẹni.

Ìtàn kẹta kúrú. Ní ọdún 1961, Dag Hammarskjöld, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú nítòsí Ndola, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zambia lónìí. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà Kóńgò ni ó ń bá kiri. Ní ọdún 1962, Amẹ́ríkà ṣe òǹtẹ̀ 4 sẹ́ńtì ní ìrántí rẹ̀. Lórí díẹ̀ nínú wọn, wọ́n tẹ àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ ní ìdàkejì. Oníṣòwò wúrà kan ní New Jersey, Leonard Sherman, rí 50 lára bébà kan. Inú rẹ̀ dùn, ó jẹ́ kí aráyé gbọ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn! J. Edward Day, tó jẹ́ olórí pọ́sìtì nígbà náà, ní iṣẹ́ òun kì í ṣe iṣẹ́ tẹ́tẹ́. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ irú àṣìṣe náà jáde, 40 000 000. Sherman gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ní ti kúrò ní àṣìṣe.

Èmi rò pé Day kò ṣe dáadáa. Sherman kò mú nǹkan ẹnikẹ́ni. Ó rí oríire rẹ̀, ìjọba sì na ọwọ́ ńlá, ó pa á run, kì í ṣe kí ìjọba lè jèrè, bí kò ṣe kí Sherman má bàa jèrè. Ìyá elépo kan ní kíláàsì ní irọ́ ni mo pa, ó ní ohun tí pọ́sìtì bá ṣe, gbogbo ìlú ni kí ó jẹ ẹ́. A kò parí ẹjọ́ náà di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní ọdún 2013, pọ́sìtì Amẹ́ríkà kan náà tún tẹ òǹtẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ọjọ́sí pẹ̀lú orí kodò rẹ̀, wọ́n ń tà á ní 2 dọ́là. Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi bébà 100 kan pamọ́ sáàárín wọn, tí ọkọ̀ inú wọn dúró dáadáa, kí àwọn ènìyàn máa wá a. Ní ọjọ́ yẹn, èyí tó tọ́ ni ó di àṣìṣe.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Nígbà tí àwọn Faransé ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní etí òkun wa ní ọdún 1892, wọn kò tíì ní òǹtẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ibí. Wọ́n mú èyí tí wọ́n ń lò ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn, wọ́n tẹ BENIN lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni o, orúkọ Bénin ti wà lójú òǹtẹ̀ kí Dahomey tó dé ibẹ̀. Ọdún 1899 ni orúkọ Dahomey dé orí rẹ̀. Ní ọdún 1912, òǹtẹ̀ àtijọ́ kù nílẹ̀ púpọ̀, wọ́n tẹ 05 tàbí 10 lé wọn lórí kí wọ́n lè tà wọ́n tán. Lórí díẹ̀ nínú wọn, òdo àti márùn-ún jìnnà sí ara wọn ju bó ti yẹ lọ. Àlàfo kékeré yẹn ni àwọn akójọ-òǹtẹ̀ ń fi dígí wá kiri. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Dahomey di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Mẹ̀kúnnù ti Bénin. Ní oṣù kẹta ọdún 1990, a mú "Mẹ̀kúnnù" kúrò nínú orúkọ náà. Nígbà kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ olórúkọ àtijọ́ kù sí pọ́sìtì. Wọn kò da gbogbo rẹ̀ nù. Wọ́n tẹ orúkọ tuntun àti iye tuntun lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí. Ibi tí a bá sì ti ń tẹ nǹkan lé nǹkan, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Nítorí náà, bí àpótí àtijọ́ bá wà nínú yàrá bàbá yín, tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fa òǹtẹ̀ ya kúrò lára àpò lẹ́tà, ẹ má sì fi omi fọ̀ ọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju owó ẹ̀kọ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọ̀rọ̀ mi kọ iṣẹ́ oko sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀kan wà nínú àpótí náà tí ó jẹ́ owó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dé láti Kútọnù. Ó bá bàbá arúgbó kan tí kò mọ̀wé, ó ní, "Bàbá, ẹ gba 500 sefà kí ẹ fún mi ní àwọn àpò lẹ́tà yìí." Bàbá ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n?" Ó ní, "Bébà àtijọ́ ni, bàbá." Kò purọ́. Bébà àtijọ́ ni lóòótọ́. Ṣé bíi ti Robey ni ti ẹni yìí?

Èmi ní rárá. Lójú fèrèsé pọ́sìtì, akọ̀wé ní ojú méjì bí Robey ṣe ní. Ó lè wo bébà rẹ̀ bí ó bá fẹ́. Iye rẹ̀ sì wà lójú rẹ̀, ìjọba ni ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó bèèrè. Nígbà tí ẹni tí kò mọ̀wé bá ní, "Bá mi wo èyí," ojú wa ni ó yá. Fún ìṣẹ́jú náà, ojú wa kì í ṣe tiwa mọ́. Tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi í rí èrè fún ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ti fi ojú onílé ja onílé lólè.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe mọ èyí. N kò kà á nínú ìwé kankan. Ìwé-ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní, n kò lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2005, n kò tíì di olùkọ́. Ìyá elépo kan ń gbé ládùúgbò wa, ó jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Àjàṣẹ́ fi kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó bá òun tà á. Ó fi bébà rán oní-sẹ́mìjáǹ sí i pé iye tí òun fẹ́ nìyí. Ìyá elépo mú bébà náà wá bá mi. Ó ní, "Àbúrò mi, bá mi wo èló ni ẹ̀gbọ́n mi kọ."

Mo wò ó. 1 500 ni. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó dára bí ìyẹn, 15 000 ni wọ́n ń tà á. Òdo kan ni ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé. Mo gbé ojú sókè, mo ní, "1 500 ni ó kọ, ẹ̀gbọ́n mi." Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà. Mo wọlé, mo mú 1 500 wá, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ. Mo ṣáà sọ fún ara mi pé n kò purọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gùn ún. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo gùn lọ síbi tí wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Àjàṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ilé mi. Ó ní níbo ni ìyókù owó òun wà. Obìnrin náà ń búra. Ẹ̀gbọ́n kò rántí pé òun ni òun gbé òdo sọnù, àbúrò kò sì lè ka bébà tí ìbá gbà á sílẹ̀. Ó san án díẹ̀díẹ̀ láti inú owó epo rẹ̀. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì.

Ní ọdún 2011, ó wá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì mi. Kò pẹ́ tí a fi dé orí ẹ̀kọ́ òdo. Mo kọ 15 sójú pátákó, mo fi òdo kan sí i, ó di 150. Mo tún fi òkan sí i, ó di 1 500. Mo tún fi òkan sí i. Mo gbọ́ pé ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó dé, ó mú bébà kan jáde láti inú ìdí ìró rẹ̀. Ó ti di ràkọ̀ràkọ̀. Ó ní, "Olùkọ́, òdo kan ni kò sí níbí, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní, "Ẹ rí i lọ́jọ́ náà?"

Mo lè sọ pé n kò rí i. Kò sí ẹni tí ìbá já mi. Mo ní mo rí i.

Kò pariwo. Ó ká bébà rẹ̀, ó jókòó sí àyè rẹ̀, a sì ṣe ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi san 13 500 náà fún un. Ó kà á nígbà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n bá òun kà á. Nígbà tí mo san èyí tó kẹ́yìn, ó ní, "Ọdún méjì tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi di ara wa sínú ńkọ́, Olùkọ́? Èló ni ti ìyẹn?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú. N kò rí nǹkan sọ.

Mo wá ní kí ó fún mi ní bébà náà. Mo ní bí ó bá fẹ́, kí n rà á. Ó wò mí, ó ní kì í ṣe títà. Àárín ìwé kíkà rẹ̀ ni ó fi í sí, bí ó bá sì ṣí ìwé náà ní kíláàsì, mo máa ń rí etí rẹ̀.